Àbọ̀ Oògùn

"Fàrídà, dúró díẹ̀ ná."

Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́, tó wá yẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn wò lọ́jọ́ náà, ṣì ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ní àtọ̀gbẹ nílé yín?"

"Bàámi ni, mà."

"Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tìẹ náà ti ń gòkè, o sì ti sanra ju bó ṣe yẹ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Kò tíì di àìsàn o. Tí o bá tún oúnjẹ rẹ ṣe, tí o sì ń rìn dáadáa, á wálẹ̀."

Fàrídà mọ ohun tí àìsàn yẹn ń náni. Télọ̀ ni Lágúnjú, bàbá rẹ̀, ní Ìlódè. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n dá a dúró sí ọsíbítù, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kan ni wọ́n tà san owó ibẹ̀. Oògùn mẹ́ta ló ń lò lójoojúmọ́. Tó bá wá di ẹni méjì nínú ilé kan ńkọ́?

Àníkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà àbùjá wà. Ó fi àwòrán tíì kan hàn án lórí fóònù. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ikùn yẹn á lọ. Ta ló fẹ́ máa rìn kiri?"

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ rán an lọ ra oògùn oṣù kan. Fàrídà ra ti ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi owó tó kù ra tíì.

"Oògùn ti wọ́n sí i, Bàámi. Owó náà ò ká ju èyí lọ," ló wí nígbà tó délé, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Tíì náà ò mú ikùn lọ, ìgbẹ́ gbuuru ló mú wá. Lọ́jọ́ karùn-ún, Fàrídà dákú lórí ìlà láàárọ̀, lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n mú un délé, ó bá bàbá rẹ̀ tó ń tú apá aṣọ oníbàárà kan. Òdìkejì ló rán an sí.

"Ojú mi ń ṣe bàìbàì láti ìjẹta," Lágúnjú wí. "Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo ń lo oògùn báyìí dípò ẹ̀ẹ̀mejì, kó lè tó mi dé ìparí oṣù."

Fàrídà kúnlẹ̀ gbì. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún.

Bàbá rẹ̀ gbé aṣọ náà sílẹ̀. "O ṣẹ̀ mí, Fàrídà. Irọ́ yẹn ìbá pa mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ò rìn, n ò fi mínírà sílẹ̀. Mo kàn gbé gbogbo ẹrù lé oògùn lórí ni. Dìde. Àwa méjèèjì la jọ máa ṣe é."

Lágúnjú yáwó ra oògùn tó kù, Fàrídà sì ń dirun fún àwọn ará àdúgbò títí tó fi rí owó náà dá padà. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bàbá àti ọmọ á fẹsẹ̀ rìn láti Ìlódè lọ sí Sábó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò dé ìdajì ọ̀nà tí wọ́n fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, táwọn ọlọ́kadà ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n dé Sábó, wọ́n tiẹ̀ ra ẹ̀wà bọ̀. Omi rọ́pò mínírà nínú ilé. Ẹ̀bà kéré sí i, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Nígbà tí Àníkẹ́ tún mú tíì mìíràn wá, Fàrídà ní, "Ìwọ ni kó o wá bá wa rìn lọ́la."

Lóṣù kẹjọ tí wọ́n ti ń rìn, dókítà yẹ àwọn méjèèjì wò.

"Bàbá, ṣúgà yín ti wálẹ̀ gan-an! Màá yọ oògùn kan kúrò, màá dín òmíràn kù. Ẹ má ṣe dá a dín kù fúnra yín o. Fàrídà, tìẹ ti dára pátápátá."

"Alihamudulilai!" Lágúnjú pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà níta fi yọjú. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú dókítà. Owó tí oògùn ìbá gbé lọ ni wọ́n fi san owó ìdánwò àṣekágbá Fàrídà.

Ọ̀nà àbùjá fẹ́ẹ̀ gba ojú bàbá rẹ̀. Sùúrù ojoojúmọ́ ló dá ìlera padà fún àwọn méjèèjì, kò sì ná wọn tó owó ọjọ́ kan ní ọsíbítù.