Ìròyìn Tí Ẹnìkan Kò Tíì Sọ Fún Màmá

Lọ́jọ́ tí Kòfowórọlá kọ́kọ́ gbé ìròyìn dé iwájú Akíndúró, iná ti jó ṣọ́ọ̀bù kan kanlẹ̀ ní Baṣọ̀run, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí Kòfó kọ, wọn ò tíì ṣáná.

Láti orí ìrì òwúrọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe jí, ó sọ ohun tó jẹ, ó sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń hanrun. Akíndúró ni ọ̀gá yàrá ìròyìn nílé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ring Road. Ó kà á, ó yí ìwé sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú.

"Àbúrò, níbo ni iná wà?"

"Ó wà lójú ìwé kejì, sà. Nísàlẹ̀."

"Ṣọ́ọ̀bù á ti di eérú kí panápaná tó dé ibẹ̀."

Surajudeen tó ń ka ìròyìn eré bọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín débi pé tíì tó ń mu gba imú rẹ̀ jáde. Kòfó fẹ́ bínú, àmọ́ nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé ọkùnrin náà ń fi ètè bo eyín mọ́lẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. Eyín ọ̀hún ní èjí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí eléjìí tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Irú èjí bẹ́ẹ̀ ló fà mí dé ilé ọkọ lọ́jọ́un, mi ò sì tíì ríbi jáde títí di òní.

Akíndúró fa àga fún un. Ó ní ìròyìn kì í ṣe àlọ́. Ohun tó bá wúwo jù ni kó gbé sórí: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ṣẹlẹ̀ sí, níbo, nígbà wo, kí ló fà á, báwo ló ṣe lọ. Tí àkókò bá kúrú, tí wọ́n bá gé e láti ìsàlẹ̀, orí á ṣì wà lọ́rùn. Ó ní kó má fi èrò tirẹ̀ sínú ìròyìn, nítorí èrò ní àyè tirẹ̀, ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ olóòtú. Bó bá wù ú kó sọ̀rọ̀ ọkọ tó ń hanrun, kó kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ gígùn tí wọ́n máa ń kà lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá sì lọ fọ̀rọ̀ wá ẹnìkan lẹ́nu wò, kó béèrè, kó sì dákẹ́.

Ìyẹn nìkan ló le fún Kòfó. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á jọ rìn dé Challenge lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lórí ìrìn, wọ́n á máa jiyàn lórí ìròyìn ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, Akíndúró bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àdùnní, oríkì rẹ̀, bí kò bá sí èrò nítòsí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lójú títì, ó tún ohùn ṣe bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn.

"Ọkùnrin kan láti Oǹdó, Akíndúró, ti jẹ́wọ́ lónìí ní Challenge pé òun nífẹ̀ẹ́ Àdùnní, òun sì fẹ́ fi í ṣe aya."

"Ẹ ò sọ ìdí."

"Ìdí wà lójú ìwé kejì. Nísàlẹ̀."

Inú Kòfó dùn débi pé ó gbàgbé láti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sílé. Ó wọ ti Mọ́kọ́lá.

Kòfó kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Agbowó, òun àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Ìrètí. Bàbá náà wá láti Ọ̀wọ̀, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun. Alàgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Alàgbà ni Akíndúró náà ń pè é láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó máa béèrè "ta ni?", kò béèrè orúkọ bàbá tó fẹ́ fún un níyàwó rí. Ta ló máa wo àgbàlagbà lójú kó sọ pé, kí ni wọ́n sọ yín níjọ́ kẹjọ?

Alàgbà fẹ́ràn rẹ̀. Màmá Ìrètí náà fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ ń bú u. Ó ní ọkùnrin tó ń wádìí nǹkan báyìí, bí egungun ẹja bá há a lọ́fun, á bi í pé báwo ló ṣe débẹ̀. Wọ́n dájọ́ tí ẹbí Akíndúró máa wá mọ ẹbí ìyàwó. Ọjọ́ ọ̀hún ti sún mọ́lé nígbà tí tírélà kan pàdánù bíréèkì ní Ìwó Road.

Ọlọ́pàá ló pe Akíndúró, ó sọ orúkọ ẹni tó kú. Akíndúró béèrè ohun tó máa ń béèrè nígbà gbogbo, pé ṣé ẹbí ti gbọ́. Ọlọ́pàá ní àwọn ti pè wọ́n. Kò purọ́. Nọ́ḿbà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lókè nínú fóònù olóògbé, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n pè.

Akíndúró kọ ìròyìn náà bó ti yẹ, èyí tó wúwo jù lórí. Kòfó ti wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń ka ìròyìn ọ̀sán lọ. Wọ́n rọra fi ìwé náà síwájú rẹ̀. Ojú kì í ṣáájú ẹnu nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

"Ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún kan, Ọ̀gbẹ́ni Fìyìnfólúwa Ọmọ́fẹ́, ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ láàárọ̀ yìí ní Ìwó Road."

Orúkọ bàbá tó tọ́ ọ dàgbà ni.

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó kà á dópin. Ó ka ti owó epo, ó ka ti òjò tó lè rọ̀, ó ní ó dìgbà. Ó bọ́ ẹ̀rọ agbọ́hùn kúrò létí, ó mu omi. Nígbà tí Akíndúró wọlé wá sọ pé ó ṣe dáadáa, Kòfó ní, "Alàgbà ni." Akíndúró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní Agbowó, àwọn àgbà ìjọ ti wà ní pálọ̀ Màmá Ìrètí láti bíi wákàtí kan. Wọ́n wá túfọ̀ fún un bí àgbà ṣe ń ṣe é. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ooru. Wọ́n béèrè Ìrètíolúwa, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Bó bá yá, wọ́n á ní ara Alàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Bó bá tún yá, wọ́n á ní ó wà lọ́sibítù. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọkàn obìnrin náà á ti rìn dé ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ṣì wà lórí ooru nígbà tí rédíò onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ilé dún.

Màmá Ìrètí gbọ́ ohùn Kòfó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ sókè sí àwọn àlejò. "Ẹ dákẹ́ ná, ọmọ mi ń ka ìròyìn."

Wọ́n sin Alàgbà. Kòfó kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń pa á mọ́ra, kò rí i ni. Ó ń jẹun, oúnjẹ kò níyọ̀ kò láta. Ó ń wẹ̀, kò mọ̀ bóyá omi gbóná. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń ka ìròyìn, àwọn èèyàn sì ń pe rédíò pé ohùn rẹ̀ túbọ̀ ń já geere. Àwọn ìbátan láti Ọ̀wọ̀ ń wò ó tìfuratìfura. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ síta pé ọmọ tó ka ikú bàbá rẹ̀ fáyé gbọ́ láìṣẹ́jú, òkúta ló wà láyà rẹ̀. Kòfó gbọ́. Ó rò ó wò, ó jọ pé òótọ́ ni.

Akíndúró wá dọ̀bálẹ̀ ní Agbowó, ó pẹ́ lórí ilẹ̀. Màmá Ìrètí kò pariwo. Ó kàn ní kó dìde, kó máa lọ, kó má padà wá, nítorí ẹnu ọ̀nà òun kò gba oníròyìn mọ́. Ó pa rédíò ilé, ó fi aṣọ bò ó. Òun àti Kòfó ń gbé pọ̀ bí ìkòkò méjì lórí pẹpẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Àkúrẹ́ fún Akíndúró níṣẹ́. Ó sọ fún Kòfó nínú yàrá ìròyìn, ẹyin ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àdùnní, bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Bí o bá ní kí n dúró dè ọ́, màá dúró. Ṣùgbọ́n sọ nǹkan kan fún mi."

Kòfó wá nǹkan náà nínú ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, bí èèyàn ṣe mọ̀ pé owó wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. "Ó dáa, sà," ló rí sọ. Akíndúró mi orí, ó jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Ìrètí ń ṣa ẹ̀wà lórí àga, Kòfó dúró níwájú rẹ̀.

"Akíndúró ń lọ sí Àkúrẹ́. Kò ní padà mọ́."

Màmá Ìrètí gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà nìyí? Èèyàn ò ní kíni, kò ní béèrè àlàáfíà, á kàn ju òkò luni láyà?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Jókòó. Kòfó, ẹnìkan kò tíì sọ fún mi pé ọkọ mi kú. Mo gbọ́ ọ. Ìlú Ìbàdàn gbọ́ ọ, onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo èèyàn ní mo ti gbọ́, ẹnìkan kò sì sọ ọ́ fún mi mọ́. Mo ṣì jókòó sídìí ọ̀rọ̀ ooru níbẹ̀ yẹn."

Kòfó wọlé lọ pe Akíndúró lórí fóònù, ó ní kó wá lọ́jọ́ Àìkú, kó sì mú àgbàlagbà kan dání.

Ó wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Challenge, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àkànó. Màmá Ìrètí wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó nítorí ìyá àgbà. Akíndúró kúnlẹ̀, òógùn bò ó.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Alàgbà ti kú, èmi sì ni mo..."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè," ni Màmá Ìrètí wí.

Akíndúró gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún kan ikú mọ́lẹ̀ ní gbólóhùn kìíní. Ìyá Àkànó fi ọwọ́ kàn án léjìká pé kó sinmi. Nígbà náà ni Kòfó sún mọ́ ẹsẹ̀ ìyá tó tọ́ ọ, ó jókòó sílẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ooru."

"Ooru mú," ni Màmá Ìrètí dáhùn.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Bàbá ń kọrin nínú balùwẹ̀. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ láàárín, wọ́n pè yín pé kí ẹ bá àwọn parí ẹ̀."

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n jẹ ẹ̀bà àná. Wọ́n ní ata pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, wọ́n sì tún bu ẹ̀kejì."

"Ọ̀jẹun ni wọ́n."

"Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ìwó Road. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá lọ."

Màmá Ìrètí ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, omi sì ti ń dà lójú rẹ̀. "Ìjókòó ilé ìgbẹ́," ló sọ fún Ìyá Àkànó. "Wọ́n ní àlejò ń bọ̀ láti Oǹdó, ìjókòó ilé ìgbẹ́ wa sì ti sán. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ já àna àwọn jẹ ní ìdí."

Ìyá Àkànó pariwo ẹ̀rín kó tó rántí ibi tó wà. Kòfó ń bá a lọ. Ó sọ bí Bàbá ṣe dágbére, bó ṣe padà wá mú okùn tó fi wọn ìjókòó náà, bó ṣe tún lọ. Ó sọ̀rọ̀ ojú títì, ó sọ̀rọ̀ èrò, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Akíndúró kò gé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kù díẹ̀ kó dé ibi tó ń lọ, ohùn tí kò gbọ̀n lórí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Màmá, Bàbá sọdá dé ìdajì títì..."

Kò lè sọ èyí tó kù. Màmá Ìrètí gbá a mọ́ra.

"Mo ti gbọ́," ló ní. "O ti sọ fún mi. Mo ti gbọ́."

Lẹ́yìn náà ni Màmá Ìrètí fi etí aṣọ nu imú, ó yíjú sí Akíndúró tó ṣì wà lórí eékún.

"Ṣé Àkúrẹ́ yẹn pọn dandan?"

"Rárá, mà. Bí Àdùnní bá fẹ́ mi, kò pọn dandan."

"Kòfó?"

"Mo fẹ́ wọn, mà," ni Kòfó wí. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ó dáa. Lọ kó àwọn èèyàn ẹ wá. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn kí wọ́n ti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ wọn tán kí wọ́n tó kúrò ní Oǹdó o. Ìjókòó yẹn, ó ṣì sán."

Kòfó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lọ, ó lọ, ó sì di ẹkún, ẹkún tí kò rí sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Alàgbà. Akíndúró fẹ́ dìde lọ bá a, ó wojú Màmá Ìrètí ná.

"Lọ bá a," ni Màmá Ìrètí wí. "Kí lò ń wò?"