Orúkọ Tí Hansi Kò Pè Mọ́

Èéfín ni Dungar Singh kọ́kọ́ rí. Ó ń ti orí òrùlé ilé olókùúta kan jáde ní òdìkejì àfonífojì, ilé tí ẹnikẹ́ni kò dáná nínú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí onílé ti kú. Dungar fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó tún wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé òun nìkan ló kù lábúlé tirẹ̀. Àwọn yòókù ti wá iṣẹ́ lọ sí Haldwani àti Delhi, wọ́n ti fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọn ò bọ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ó pariwo.

Ohùn obìnrin kan ré àfonífojì kọjá wá bá a. "Dungar Singh! Ojú ẹ ti fọ́ ni? Àbí o ti gbàgbé ẹni tó gba ewúrẹ́ ẹ lọ́wọ́ àmọ̀tẹ́kùn?"

"Hansi?"

"Èmi náà mà ni! Ọkọ mi ti kú. Àwọn èèyàn ẹ̀ ní oúnjẹ mi ti pọ̀ jù. Mo ti padà sílé baba mi."

Dungar fẹ́ kí i kú ọ̀fọ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n jọ ń da ewúrẹ́ lórí pápá kan náà, kí wọ́n tó gbé Hansi fọ́kọ níbi tó jìnnà. Ní báyìí irun rẹ̀ ti funfun, ti Dungar náà ti funfun, ìyàwó tirẹ̀ sì ti wà lọ́run tipẹ́tipẹ́.

Láti ọjọ́ náà, tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohùn Hansi á dé.

"Dungar Singh o! Ṣé o ṣì wà láàyè?"

"Mo wà o! Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò ráàyè kú. Ewúrẹ́ mi fẹ́ bímọ!"

Ó tán. Kálukú á gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, a jẹ́ pé ẹ ò tíì dá gbé rí. Ẹni tó bá ti bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, tó sì dúró dè é kó dáhùn, ló máa mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà òtútù ni Dungar yọ̀ ṣubú lórí yìnyín àárọ̀. Ìbàdí ló fi balẹ̀. Ó fi fóònù pe mọ́tò ilé ìwòsàn, wọ́n wá gbé e lọ, wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n ní iṣan kan ló há sáàárín eegun. Láti ìgbà náà ni ìrora kan ti ń ti ìbàdí rẹ̀ ṣàn bíi iná dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Oògùn oníhóró tí wọ́n fún un ba inú rẹ̀ jẹ́, kò sì pa ìrora. Nígbà tó di pé kò lè jáde wá dáhùn ìkíni àárọ̀ mọ́, Hansi sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì, ó gun òkè kejì wá bá a, ó gbé róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi jéró ṣe, àti ata lílọ̀ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, hóró igbó ni mo yan mọ́ ata yìí o. Ṣé wàá mú mi?"

Dungar rẹ́rìn-ín tòun ti ìrora. Ọlọ́pàá ni kó tó fẹ̀yìn tì. "Ta ni kì í jẹ hóró igbó lórí òkè yìí? Hóró kò lòdì sófin."

"Ṣebí ìwọ lo fa igbó tí ìyá mi gbìn tu, tó o dáná sun ún! Ìyá mi ṣépè fún ẹ títí ó fi kú."

"Iṣẹ́ ìjọba ni, Hansi."

"Mo mọ̀. Jẹun, jàre."

Bó ṣe di pé ó ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn. Á gbálẹ̀, á dáná, á bú u pé kò fọ àwo dáadáa, á sì padà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá ti lọ, ilé náà á tún wá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dungar a sì máa wo ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan tí ìrora mú un débi tó fi ń bu aṣọ jẹ, Hansi tú kókó tó wà létí ìborùn rẹ̀. Ó mú nǹkan dúdú kan jáde, ó rí roboto, ó ń dán. Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ ra ewé igbó ẹ̀yìn ilé títí oje rẹ̀ fi dì.

"Mu díẹ̀ nínú ẹ̀. Baba mi lò ó nígbà tí eegun ń ro ó."

Ojú Dungar yí padà. "Gbé e dànù!"

"Kò sẹ́ni tó ń wò wá. Àwa méjì péré ló wà lórí òkè yìí."

"Mo ní kó o gbé e dànù! Ọjọ́ ayé mi ni mo fi mú àwọn tó ń ra nǹkan yìí. Ẹ̀wọ̀n gidi ni. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ẹ lọ́wọ́ ńkọ́? Kí ìrora yìí kúkú pa mí, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n tì ẹ́ mọ́lé nítorí mi."

Hansi wò ó títí. Ó ju nǹkan náà sínú iná, ó fa ìborùn bo orí, ó sì lọ láì kí i pé ó dàárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Dungar wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ohùn náà dé lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó sọ kì í ṣe ohun tó máa ń sọ.

"Ẹ̀yin ará ọ̀hún! Ṣé ẹ ti jí?"

Kò pe orúkọ rẹ̀. Dungar rò pé bóyá ó gbàgbé ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Hansi ń wá o, ó ń dáná, àmọ́ "ẹ gba tíì yín" ni, "ẹ gbé ẹsẹ̀ yín" ni. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà sọ ara rẹ̀ di àlejò. Ó dun Dungar wọnú eegun. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ó pariwo mọ́ obìnrin tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìrora. Orúkọ èèyàn kì í ṣe nǹkan kékeré. Nígbà tí ẹni kan ṣoṣo tó ń pè é kò pè é mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bíi pé òun náà ti ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Hansi kó fọ́tò ìbàdí rẹ̀ àtàwọn ìwé ilé ìwòsàn lọ sílùú Almora láì sọ fún un. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, ekuru bò ó.

"Oògùn tó bófin mu wà," ó ní. "Ewé kan náà ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ tí ìjọba fún níwèé àṣẹ ló ń ṣe é, dókítà ìṣègùn ìbílẹ̀ tí ìjọba mọ̀ ló sì ń kọ ọ́ fún èèyàn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Wọ́n ní wọn ò lè kọ oògùn fún ẹni tí wọn ò fojú rí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ yín."

"Èmi tí mi ò lè jókòó? Lórí ọ̀nà oníkọ́lọkọ̀lọ yẹn?"

"Ẹ ó jókòó lórí ìrọ̀rí. Ẹ ó ké. Èmi ó di etí mi."

Dungar wolẹ̀. "Hansi, ṣé o ò bínú sí mi mọ́?"

"Ta ló ní mo ń bínú?" ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n lọ. Dungar ké ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, dírẹ́bà sì ń bẹ̀ ẹ́ bíi pé òun ló la ọ̀nà náà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀. Dungar fẹ̀yìn ti ògiri, kò lè mí dáadáa, nítorí náà Hansi ni obìnrin náà kọjú sí.

"Orúkọ aláìsàn?"

Hansi fa ìborùn bo ẹnu.

"Màmá, mo ní kí lorúkọ wọn?"

"Ẹ bi wọ́n léèrè."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú wọn wá? Àwọn ni kí n bi, bí wọ́n ṣe ń mí yìí? Ẹ dá mi lóhùn, èrò wà lẹ́yìn yín!"

Hansi wolẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń pọ́n. Obìnrin náà wo Hansi, ó wo Dungar, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ẹ má bínú, Màmá, ọmọ orí òkè lèmi náà. Ìyá mi ò pe orúkọ bàbá mi rí láyé wọn. Ọjọ́ tí bàbá mi sọnù lọ́jà ọdún, tí wọ́n ní kí ìyá mi dárúkọ ẹni tí àwọn máa fi gbohùngbohùn kéde, 'ẹni tó ni ẹṣin pupa' ni wọ́n sọ. Àwọn ẹlẹ́ṣin pupa tó wà lọ́jà ló dà bò wọ́n! Obìnrin wo ló ń pe ọkọ ẹ̀ lórúkọ?"

Ìrora náà ò lọ, àmọ́ fún ìṣẹ́jú kan Dungar gbàgbé rẹ̀. Kò bínú sí mi, ó wí nínú ara rẹ̀. Kò fìgbà kankan bínú sí mi.

"Dungar Singh," ni ó fẹnu ara rẹ̀ wí. "Orúkọ mi ni Dungar Singh."

Dókítà Lohani, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ awò ojú, tẹ ìbàdí rẹ̀ níhìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ka gbogbo ìwé àyẹ̀wò kí ó tó mú bírò.

"Bàbá, òróró ni. Ẹ ó máa kán an sábẹ́ ahọ́n, ìwọ̀nba tí mo kọ ni o. Mo ti kọ orúkọ yín, àìsàn yín àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ mi síbẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i. Ilé oògùn ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà àṣẹ ilé iṣẹ́ lára ìgò. Ẹ má fi ìwé yìí sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbé ìgò náà rìn. Igbó tó ń hù lẹ́yìn ilé, ẹ má tọ́ ọ wò. Kẹ́ ẹ sì padà wá kí n rí yín kí ó tó tán."

"Mo gbọ́, Dókítà."

"Ó lè kọ́kọ́ mú kí òòyì máa kọ́ yín. Ẹ má dá lò ó. Ta ló máa wà lọ́dọ̀ yín?"

Láti inú ìborùn Hansi ni ìdáhùn ti wá.

"Èmi ni."

Nínú mọ́tò tí wọ́n bá padà, Dungar rọra béèrè pé, "Hansi mi, láti ìgbà wo?"

Igi páìnì ni obìnrin náà ń wò. "Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kí ìrora kúkú pa yín."

Òróró náà korò. Kò wo ìbàdí Dungar sàn, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ó mú ìrora náà jókòó sí igun kan bí ajá tí wọ́n bá wí. Ó lè sùn. Ó lè jáde lọ dáhùn ìkíni àárọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi ṣe àṣìṣe ńlá kan. Ó pe Puran, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Haldwani, ó ròyìn ìrìn àjò náà fún un.

"Ẹ lè wọ mọ́tò báyìí?" ni Puran wí. "Mo ń bọ̀ wá mú yín."

Ó dé lóòótọ́, ojú rẹ̀ le. Ó ti gbọ́ nípa Hansi. "Bàbá, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bàbá ọlọ́pàá ń fẹ́ opó lórí òkè. Àwọn àna mi gbọ́, mi ò lè gbójú sókè. Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa rántí ìyá mi nìyí?"

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ṣẹ́gun Dungar. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ó ní òun á lọ.

Hansi kò sunkún nígbà tó gbọ́. Ó fi aṣọ wé ìgò oògùn, ó ká ìwé dókítà mọ́ ọn, ó kì í bọ inú àpò ẹ̀wù Dungar. "Ẹ má jẹ́ kó fọ́. Ẹ sọ fún ìyàwó ọmọ yín kó má fi yín sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti lò ó." Ó wá sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì láì wẹ̀yìn.

Mọ́tò Puran gbéra. Ó ti dé kọ́nà tí wọ́n ti ń rí òdìkejì kẹ́yìn nígbà tí ohùn náà dé.

"Dungar Singh o! Ó dàbọ̀ o, Dungar Singh!"

Ara Dungar tutù. Orúkọ tó ti ń wù ú kó gbọ́ látìgbà òtútù nìyẹn, ó sì dé bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn sóde. Hansi ń fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti sọ ọ́ di ọkùnrin kan tí obìnrin lè pè lórúkọ.

"Dá mọ́tò dúró, Puran."

"Bàbá!"

"Mo ní kó o dá a dúró."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Puran náà bọ́ sílẹ̀. "Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn?"

"Sọ fún wọn pé dókítà ní kí n má dá lo oògùn mi."

"Èmi náà wà nílé!"

"O wà nílé, ọmọ mi? Ìgbà wo?"

Puran gbé ẹrù baba rẹ̀ sí etí ọ̀nà. Láti kékeré, kò pínyà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ rí láì bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bẹ̀rẹ̀. Ó wọ mọ́tò, ó lọ, Dungar sì wo ekuru rẹ̀ títí ó fi rọlẹ̀. Ó dùn ún. Ó máa dùn ún títí.

Ó wá kọjú sí àfonífojì, ó fi gbogbo okun tó kù nínú rẹ̀ kígbe.

"Hansi! Ta lò ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ń lọ ni!"

"Kò lọ mọ́!"

Atẹ́gùn ń fẹ́ láàárín àwọn ilé tí wọ́n tì pa. Dungar dúró, ó fi ọwọ́ mú ìgò inú àpò rẹ̀ pinpin, ẹ̀rù sì ń bà á ju bó ṣe bà á nígbà tó jẹ́ ọlọ́pàá lọ.

Ohùn náà dé, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ̀yin ará ọ̀hún! Tẹ́ ẹ ò bá lọ mọ́, ẹ tètè máa bọ̀. Oògùn yín ti tó lò."