Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Bàtà

"Bàbá wọn, bàtà ta lẹ tún ń tú yẹn?"

"Tèmi ni."

"Tiyín náà? Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe?"

"Ó wúwo. Ó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ìyàwó oníbàtà mi orí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bàtà tó bá ti gba ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kọjá kì í ya ẹnu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, bí ọkùnrin yìí bá ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró gbagidi, bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ara òkè á fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ á ní òun ò lọ.

Oníbàtà ni. Ta ni kó dá lẹ́bi bí kò ṣe bàtà? Ó yọ àtẹ́lẹ̀ tó nípọn, ó fi èyí tó fẹ́lẹ́ sí i. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ó yọ rọ́bà kúrò pátápátá, ó fi awọ dídán sí i kó lè máa yọ̀ lọ geere. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ohun tí a mọ̀ ṣàlàyé ohun tí a ò mọ̀.

Awọ dídán yẹn ló fẹ́ dá a lóró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi agbára fà á, bàtà yọ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì láàárín bàtà àwọn oníbàárà. Orí ló kó o yọ, eegun kankan ò kán.

"Ó tó!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "A ó ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Ẹ jókòó sílé, ẹ sinmi. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, èmi á gbé e wá bá yín."

"Kí n jókòó, kí n máa wo àjà? Ìyá wọn, ọjọ́ tí o bá ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa, èmi náà lo tì pa."

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yìí dé egungun. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí dókítà ná."

Dókítà ní kó rìn, kó pa ọwọ́ dé, kó na ọwọ́, kó kọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wọn pé àrùn Pákínsìn ni, àrùn ọpọlọ tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọwọ́ gbígbọ̀n.

"Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò gbọ̀n!" ni ìyàwó wí.

"Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mà. Ti àwọn kan, ìrìn wọn ló máa ń falẹ̀, tàbí kí ara gan, tàbí kí ẹsẹ̀ máa dúró lójijì báyìí."

Ó fún un lóògùn, ó sì ní kí wọ́n lọ sí yàrá eré ìdárayá. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn èèyàn níbẹ̀ kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó gbé bàtà ọkùnrin náà sókè, ó yí i padà.

"Bàbá, ta ló fi awọ dídán sábẹ́ bàtà yìí? Ṣé onítọ̀hún fẹ́ pa yín ni?"

"Èmi ni."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe ẹjọ́ bàtà, Bàbá. Ọpọlọ ló ń pe ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbọ́ dáadáa. A ó wá ọ̀nà míì tí yóò fi gbọ́."

Ó wá bàtà onírọ́bà fún un, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí, ó fi kọ́ irin òkè kó má baà ṣubú. Ó wá dé awò ńlá kan sí i lójú, irú èyí tó bo ojú pátápátá.

"Yéè! Títì rèé! Mọ́tò ń bọ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ fò dìde. "Mọ́tò dà?" Ògiri funfun àti fáànù nìkan ló rí.

"Inú awò ló wà, mà, àwòrán tó dà bí ojúlówó ni. Bàbá, ẹ wo àwọn ìlà tó wà nílẹ̀. Ẹ máa gbẹ́sẹ̀ kọjá wọn."

Ó gbé ọ̀kan. Ó gbé èkejì. "Mò ń lọ o! Ìyá wọn, ṣé ò ń wò mí? Ẹrẹ̀ ni mo fò yẹn!"

Ni ilẹ̀kùn kan bá yọ nínú awò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbagidi. Ìyàwó rẹ̀ di ẹnu mú.

"Ẹ má fà á, Bàbá. Ẹ dúró, ẹ mí. Ẹ fi ara ti ẹsẹ̀ kan, kí ẹ wá gbé èkejì kọjá ìlà ẹnu ọ̀nà yẹn."

Ó dúró. Ó mí. Ó gbé e.

"Mo wọlé! Mo wọlé!" Àárín yàrá ló wà o, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ kúrò ní kékeré. Ìyàwó rẹ̀ pariwo títí àwọn nọ́ọ̀sì fi yọjú.

"Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ yìí lọ sílé! Kí la tún fẹ́ fi oògùn ṣe?"

"Háà, rárá o, mà! Awò yìí ò wo àrùn náà sàn, kò sì rọ́pò oògùn. Ẹni tó bá dá a dé nílé lè forí sọ ògiri. Ó kàn ń mú kí eré ìdárayá dùn ún ṣe ni, kí ara lè kọ́ ìrìn padà. Ẹ̀yin náà lè ṣe púpọ̀ nílé: kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa dìde jókòó, kí wọ́n máa jó. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kàn jókòó sílé, ṣe ló máa mú kí ara gan sí i."

"Èmi tí mo ní kí n máa gbé gbogbo nǹkan wá bá wọn!"

"Ìfẹ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dìde gbé e fúnra wọn."

Wọ́n ń lọ síbẹ̀ déédéé. Nígbà tí olùtọ́jú ní ó lè padà síṣẹ́, ìyàwó fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oníbàtà dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dúró, ó mí, ó gbé e kọjá, ó sì lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ó yá, bàtà ta ló kàn?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ìrìn ẹnì kan nínú ilé yín bá ń falẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gan, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúró lójijì, ẹ má ní ọjọ́ ogbó ni, ẹ má sì dá bàtà lẹ́bi. Ẹ mú un lọ rí dókítà. Kó lo oògùn rẹ̀ lásìkò, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè eré ìdárayá tó bá ara rẹ̀ mu, bí ilé ìwòsàn yín bá sì ní irú awò yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni kó ti lò ó. Bí wọn ò bá ní in, ẹ fa ìlà sílẹ̀ nílé, kí ẹ sì kọ orin tó yá kó máa tẹ̀lé e rìn. Ẹ dúró tì í, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.