Ta Ló Ń Pariwo Níbẹ̀ Yẹn?

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àgbàlá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú pinpin bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́. Mọ́ínmọ́ín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti balẹ̀ sórí agbádá ààfáà kan. Bí Bushrah ṣe kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹni tó bá ní jẹ́jẹ́ ni ìfẹ́ máa ń wọlé, kò sí ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà.

Fídàú ìyá Bushrah ni wọ́n ń ṣe. Àlàájà Raliat, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Tíṣà, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò wọ mọ́tò lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò padà sọ́dọ̀ ọkọ àti ọmọ ní Ọ̀yọ́, wàrà Sábó lọ́wọ́ kan, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Kò sí Jímọ̀ tí kì í dé, kò sì sí ọjọ́ Ajé tó pẹ́ dé kíláàsì.

Nígbà tí ó jáde láyé, àwọn tó kọ́ kún bọ́ọ̀sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́yà wà níbẹ̀, ọlọ́kadà wà níbẹ̀. Wọ́n ń rántí ìgbà èwe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ariwo wọn bo ohùn àwọn ààfáà mọ́lẹ̀. Inú bí Bushrah. Ó yọrí láti ilé ìdáná.

"Ta ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn?"

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ló gbé jáde, gbólóhùn yẹn gan-an ni ìyá sì fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́. Gbogbo àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́yà fi ìka sẹ́nu. Ti onírùngbọ̀n ló burú jù, nítorí ara rẹ̀ ti kúnlẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Bushrah wí.

"Ṣé kí n lajú, mà?"

Bushrah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Saifudeen ni orúkọ ọkùnrin náà. Káfíńtà ni, Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tó ti ń kan bẹ́ẹ̀dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Bẹ́ǹṣì ni mo ṣẹ́ ní kíláàsì kẹta," ó ṣàlàyé fún Bushrah bí ó ti ń bá a fọ abọ́. "Mo rò pé ẹgba ló kàn. Ìyá Tíṣà fà mí lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí n ó fi tún un ṣe. Títí dòní, n kò tíì kúrò níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ di fóònù, fóònù di àbẹ̀wò. "Tíṣà mi, bá mi wí díẹ̀ kí n tó sùn," ni Saifudeen máa ń wí. Bushrah á ní, "Ọmọ kíláàsì kẹta, lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ." Aránṣọ ni Bushrah, ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dún báyìí, aṣọ oníbàárà á di ẹ̀yìn.

Ó wá ku Bàbá Mashood, bàbá Bushrah. Afíngbá ni, ọwọ́ rẹ̀ ni igbá ìyàwó ti ń jáde fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀yọ́. Ó gba Saifudeen lálejò tọ̀yàyàtọ̀yàyà, àfi ìgbà tí Saifudeen sọ ohun tó bá wá.

"Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà," ni Bàbá wí.

"Bàbá, mọ́tò kan ṣoṣo ni mo wọ̀."

"Mọ́tò yẹn gan-an ló jìnnà. Irùngbọ̀n rẹ náà sì ti pọ̀ jù."

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Saifudeen fá irùngbọ̀n kodoro, ó padà wá. Bàbá wò ó lókè nílẹ̀.

"Ta nìyí? Onírùngbọ̀n ni mo mọ̀ ní tèmi."

Ọjọ́ yẹn ni sùúrù tán nínú Bushrah. "Bàbá mi, ẹ ń fín igbá ìyàwó fún ọmọ ọlọ́mọ. Tèmi ńkọ́?"

Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Láràárọ̀ tí o bá ní, 'Ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́,' mo ti jí tipẹ́. Mo kàn ń dijú ni, kí o lè tún un pè. Ohùn ìyá rẹ ni. Bí o bá lọ, ta ni yóò máa jí mi?"

Bushrah sunkún, ó sì tẹ Saifudeen láago. "N kò lè fi bàbá mi sílẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́. Wá ẹlòmíràn fẹ́." Ẹnu ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kejì, Saifudeen sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ayùn, òòlù àti àpò ìṣó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, igi wà ní Ọ̀yọ́ náà. Bí Bushrah kò bá lè fi yín sílẹ̀, èmi á fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀."

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Ta ni yóò kọ́ wọn?"

Saifudeen wo ayùn ọwọ́ rẹ̀. Bàbá gbé orí sókè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbá létí.

"Nígbà tí wọ́n gbé Raliat lọ sí Sábó," ó ní, "mo ti wọ bàtà, mo fẹ́ lọ bẹ ọ̀gá wọn kí wọ́n dá a padà. Ohun tí Raliat bi mí nìyẹn: 'Ta ni yóò kọ́ wọn?' Mo bọ́ bàtà mi. Saifu, gbé ayùn rẹ, máa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Saifudeen rọra gbé ayùn rẹ̀. Bushrah fọwọ́ bojú.

"Kí o sì máa mú ìyàwó rẹ wá fún mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀," ni Bàbá parí ọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí! Ẹ yá ìyá lọ́wọ́ mi, ẹ tún wá yá ọmọ. Kí wàrà Sábó má sì ṣe wọ́n lọ́wọ́ yín o." Ó na ọwọ́ mú igbá tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín in.

Àgbàlá yẹn náà ni wọ́n ti so yìgì. Àwọn ọmọ kíláàsì Ìyá Tíṣà tún kún bọ́ọ̀sì wá, wọn kò sì tíì kọ́gbọ́n. Ààfáà bi Bushrah bóyá ó gba Saifudeen ní ọkọ. Ariwo gbé ìbéèrè náà lọ. Ó tún un bi. Lọ́yà ló ń pariwo jù.

Bushrah ṣí ìbòjú.

"Ta ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn?"

Àgbàlá pa lọ́lọ́. Ọkọ ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú agbádá tuntun, ọwọ́ lókè, ojú ní dídì. Bushrah ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ó bá wo ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá Mashood jókòó sórí àga rẹ̀, ó dijú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Mo gbà," ni Bushrah wí wọ́ọ́rọ́. Kò sí ẹni tí kò gbọ́.