Ọ̀rọ̀ Tí Fẹ̀hìntọlá Kò Sọ fún Àbúrò Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí o ti rí Fẹ̀hìntọlá rí láìmọ orúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́dà tó ń ṣílẹ̀kùn nínú fíìmù, òun ni òkú tí wọ́n fi aṣọ bò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù láìsọ gbólóhùn kan.

Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Enoch, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ni nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí Fẹ̀hìntọlá bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, Enoch bá ṣàwàdà: "Ẹ má da Bọ̀ọ̀dá mi láàmú o! Wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú film, ṣé naming ni wọ́n á ti wá sọ̀rọ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fẹ̀hìntọlá mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ó yan àbúrò rẹ̀ lódì. Enoch pè é títí, kò gbé e. Ó ní àfi kó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Òun ẹ̀gbọ́n kọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Thamesmead ló ń gbé, Enoch wà lódìkejì odò Thames, ní North Woolwich. Ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá níbẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò wọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n fún un lọ́rọ̀ sọ nínú eré tẹlifíṣọ̀n: bàbá tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó dárí ji òun. Ó sọ ọ́ débi pé àwọn tó ń ya fíìmù ń nu ojú. Orí rẹ̀ wú. "Enoch á gbọ́!"

Nígbà tí wọ́n gbé eré náà jáde, Enoch gbọ́ lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́.

Ìgbà yẹn ni Fẹ̀hìntọlá tó wọ ọkọ̀ náà lọ sílé Enoch. Adùnọlá, ìyàwó Enoch, ń sunkún bó ṣe ń sọ̀rọ̀: "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo film yín ló ń wò. Tí wọ́n bá ti fi yín hàn, á ní ká pause ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ yẹn, ó ní bóyá òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá di Saturday, òun á wá dọ̀bálẹ̀ fún yín."

Fẹ̀hìntọlá tó mọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí kò rí tirẹ̀ sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwòrán àbúrò rẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé. Ó dun ni, ará. Ó dun ni gan-an.

Tọ́ládé, tí òun àti Enoch jọ ń wọ sùtánà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wà níbẹ̀ tó ń bá wọn kẹ́dùn. Ó lọ kúnlẹ̀ tì í. "Uncle, Enoch ò lè dá yín lóhùn mọ́. Àmọ́ Jésù ń gbọ́. Ẹ bá A sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ti pẹ́ jù."

"Kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ Tiẹ̀. Òun tó jẹ́ Ọba ò dúró ká kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wá bá wa."

Fẹ̀hìntọlá la ẹnu. "Olúwa, agbéraga ni mí. Mo pa àbúrò mi tì. Dárí jì mí." Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Ọlọ́run sì gbọ́ ọ. Lónìí, òun náà ń bọ́ bàtà wọ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú àwọn ará ilé Enoch, ọkàn rẹ̀ sì ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n tó bá wọ ọkọ̀ náà, ó ṣì ń sunkún.

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé yìí ní Beresford Square ńkọ́? Ta ni o yàn lódì? Ìgbà wo lo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Má ṣe sọ pé ó di Sátidé. Ronú pìwà dà lónìí. Jésù tó jù ọ́ lọ ti sọdá wá sọ́dọ̀ rẹ, Ó sì ti ń pè ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Jọ̀wọ́, dá A lóhùn.