Wágónù Tó Fi Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Kúrú

Mubarakah gbé àpótí náà lé orí férémù lẹ́ẹ̀kẹta. Kò bá a dọ́gba. Bí ó bá tì í sápá ọ̀tún, férémù á yọ síta lápá òsì. Bí ó bá tì í sápá òsì, á yọ lápá ọ̀tún. Ohun tó ń yọ náà kò ju ìbú ìka kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń yọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Òun nìkan ló kù nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti oṣù kìíní ni òun àti Joel, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti ń kan àwòṣe kékeré yìí. Wágónù ẹrù ni, irú èyí tí ọkọ̀ ojú irin eléèéfín máa ń wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi kó kòkó lọ sí Èkó. Joel ló kan férémù ìsàlẹ̀ àti wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mubarakah ló kan àpótí orí rẹ̀, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjì tó ń fà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò gbé e lọ sí ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta. Àwọn adájọ́ yóò fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìdíje, wọn yóò kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ọkọ̀ ojú irin gidi. Joel kò rí ọkọ̀ ojú irin rí. Mubarakah náà kò rí i rí. Ojú irin kò gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá.

Ó mú ọ̀pá ìwọ̀n, ó tún àpótí wọ̀n. Bàbá Albert ló ni ọ̀pá náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi tún wágónù ṣe ní Ìbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Ó ti fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ọ̀pá náà: àlàfo ìdajì íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan lára wágónù gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ti gbó, etí rẹ̀ sì ti jẹ.

"Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti etí," Bàbá Albert máa ń wí. "Etí ti di òpùrọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà oókan, kí ẹ sì rántí oókan tí ẹ fò. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ogún, kó dé mọ́kànlélógún kó tó dúró."

Joel kò fẹ́ wàhálà, rúlà oníke tuntun ló ń lò. Mubarakah ló fẹ́ràn ọ̀pá náà. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti oókan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ogún ló dúró sí. Gbogbo pátákó tó gé fún ẹ̀gbẹ́ àpótí náà pátá, mọ́kàndínlógún ni gígùn wọn.

Igi ìdígbó tí káfíńtà fá fún wọn ti tán. Gọ́ọ̀mù sì ń gba ọjọ́ méjì kó tó gan. Ohùn Àǹtí Rose, olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tún ń dún létí rẹ̀: "Àyè mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀: tèmi àti tẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé ìwọ̀n, ilé ni yóò jókòó sí. N kò ní bá aláìbìkítà rìnrìn àjò."

Ìwé ìwọ̀n náà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Mubarakah fúnra rẹ̀ ló fi pẹ́ńsù kọ ọ́ lọ́jọ́ tí Bàbá Albert ń pe ìwọ̀n fún wọn. *Gígùn: 20.*

Ìrésà wà nínú àpò rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó pa ogún rẹ́, ó kọ mọ́kàndínlógún, ó sì fẹ́ èérún ìrésà dànù kúrò lórí ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, lójú gbogbo kíláàsì, Àǹtí Rose gbé àpótí lé férémù, ó sì rí i pé wọn kò bára mu. Ó ṣí ìwé ìwọ̀n. Ó wọn àpótí. Ó wọn férémù. Ó wá na ìwé náà sí Joel.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀."

Joel wò ó títí. "Mọ́kàndínlógún, Mà. Ṣùgbọ́n ogún ni Bàbá wí. Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé etí rẹ la fi ń ṣe ìwé ìwọ̀n ni?"

Láti ẹ̀yìn kíláàsì, Wàhábì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ké jáde: "Ẹ wo sáfíyọ̀ Ayépé! Ó ti jẹ ilẹ̀ onílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ayépé ni Joel ti ń wá sílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá rí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn dé ibi tí yóò ti rí ọkọ̀. Kò wo Wàhábì. Mubarakah ló ń wò.

"Mubarakah," ni Àǹtí Rose wí, "ìwọ náà wà níbẹ̀. Kí ni Bàbá sọ?"

Mubarakah gbé ojú lé ayùn tó wà lórí tábìlì. "Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ sílẹ̀, Mà."

Òótọ́ ni gbólóhùn náà. Irọ́ ni ó sì fi pa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ ká pe Bàbá," ni Joel wí.

Àǹtí Rose pè é lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù kò wọlé. Gbogbo wọn mọ̀ pé Bàbá Albert ti lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ojú, ọ̀la ni yóò sì dé. "Ọ̀la ti pẹ́ jù," ni olùkọ́ wí. "Joel, gé férémù rẹ kó bá àpótí mu."

"N kò lè gé e, Mà."

"Kí lo wí?"

"Bí mo bá gé e, kì í ṣe wágónù yẹn mọ́. Ogún ni, Mà."

Àǹtí Rose pa ìwé dé. "Ó dára. Jókòó sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Mubarakah, gbé ayùn."

Ó gbé ayùn. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́, ó ní láti tún un bẹ̀rẹ̀. Igi kéékèèké méjì já bọ́ láti ìdí férémù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wíìlì ẹ̀yìn wá sún mọ́ etí ju bó ti yẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó rí i, ó ti ṣa igi méjèèjì sínú àpò.

Joel kò sunkún. Ó mú rúlà rẹ̀, ó nu eruku kúrò lára rẹ̀, ó fi sínú báàgì, ó sì jáde.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Àǹtí Rose ní kí Mubarakah gbé wágónù lọ fi han Bàbá Albert, kó sì dá ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ padà fún un. Ojú ọ̀nà Ìjagun ni ilé rẹ̀ wà. Bàbá jókòó síwájú ilé, wọ́n fi báńdéèjì funfun di ojú kan, èkejì kò sì ríran dáadáa mọ́. Gaàrí tó ń mu wà lórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ."

"Mubarakah! A dúpẹ́ o. Ojú kan ló kù tí mo fi ń wo ayé, òun náà sì ń wò ó bí ẹni tí ayé jẹ lówó." Ó rẹ́rìn-ín. "Joel ńkọ́?"

"Kò... kò wá, Bàbá."

"Kí iṣẹ́ délẹ̀ kí Joel má wá? Ó ṣàjèjì. Gbé e wá."

Ó gba wágónù náà lé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wò ó. Ó ka àwọn pátákó. Ó fa ilẹ̀kùn, ó tì í padà. "Ó fà dáadáa. O ṣeun." Ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìdí wíìlì ẹ̀yìn, ó sì dúró. Ó padà síwájú, ó tún wá sẹ́yìn.

"Bá mi mú ọ̀pá wá."

Ó fi èékánná wá ìlà oókan, ó gbé e sí etí wágónù, ó sì ń kà á lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ogún, ó tún na ìka síwájú láti fọwọ́ kan igi ní mọ́kànlélógún. Inú afẹ́fẹ́ ni ìka náà bọ́ sí.

"Mọ́kàndínlógún," ni Bàbá Albert wí jẹ́ẹ́. "Mubarakah, èló ni mo ní kí ẹ kọ?"

"Mọ́kàndínlógún... ló wà nínú ìwé, Bàbá."

Bàbá rọra gbé wágónù sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ó ti dé nìyẹn. Olúwaṣèyítán ọmọ mi ní mo ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ní n kò lè máa dá gbé mọ́, ó fẹ́ wá kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Mo dá a lóhùn níwájú dókítà lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, bi mí ní wágónù èyíkéyìí, màá sọ gígùn rẹ̀ fún ọ, màá sọ iye pátákó rẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé ìyẹn, kó wá kó ẹrù mi." Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n sí Mubarakah lọ́wọ́. "Mú un lọ. Má dá a padà fún mi mọ́. Fóònù mi wà lórí tábìlì nínú ilé. Bá mi mú un wá, kí n pè é kó máa bọ̀."

Mubarakah dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí fóònù náà lórí tábìlì. Bí ó bá mú un wá, ọ̀rọ̀ parí: yóò lọ sí Abẹ́òkúta, yóò rí ọkọ̀ ojú irin, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Ó dúró síbẹ̀ títí Bàbá fi ké sí i pé, "Ṣé o kò rí i ni?"

Ó padà wá. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ogún ni ẹ wí."

"Hẹn?"

"Ogún ni ẹ wí. Ogún ni mo kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti oókan, mo sì gbàgbé oókan tí mo fò. Mo wá fi ìrésà pa á rẹ́ nínú ìwé. Wọ́n ní Joel ló ṣì í, wọ́n ní kó jókòó sílé. Èmi ni mo gé férémù rẹ̀." Ó kó igi kéékèèké méjì náà jáde, ó fi wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ arúgbó náà.

Bàbá Albert fi ìka yí wọn. Ó pa ọwọ́ dé. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kan tí kò ní báńdéèjì.

"Àṣìṣe oókan yẹn, èmi náà ti ṣe é rí," ni ó wí. "Gbogbo ẹni tó bá lo ọ̀pá yìí ló máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tí o fi ìrésà ṣe, n kò mọ̀ ọ́n. O jẹ́ kí n jókòó síbí kí n máa dágbére fún orí mi."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Kì í ṣe èmi ló yẹ kó o kọ́kọ́ bẹ̀. Aago mẹ́rin kò tíì lù. Dìde." Ó kó igi méjèèjì padà fún un. Ọ̀pá ìwọ̀n ńkọ́? Ó gbà á padà, ó sì gbé e lé orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ilé Àǹtí Rose ni ó kọ́kọ́ lọ. Olùkọ́ náà gbọ́ ọ dé òpin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó. "Èmi náà kò jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán," ni ó wí nígbẹ̀yìn. Ó ní Joel ni yóò lọ. Ó ní Mubarakah kò ní lọ. Lẹ́yìn náà ni Mubarakah wọ ọ̀kadà lọ sí Ayépé.

Joel ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ níwájú ilé. Ó dìde nígbà tó rí i. "Ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lórí ìdúró, níwájú ìyá Joel.

"Ọjọ́ mọ́kànlá," ni Joel wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé wíìlì yẹn síbi tó yẹ."

"Mo mọ̀."

"O kò mọ̀. Ká ní o mọ̀ ni, o kì bá tí gé e." Ó gba igi méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó padà, ó sì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Kò ní kó jókòó. Kò sì ní kó máa lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Joel àti Àǹtí Rose gbé wágónù náà lọ sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú káàdì tí Mubarakah fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: *Wágónù yìí fi ẹsẹ̀ bàtà kan kúrú. Èmi Mubarakah ni mo ṣì í wọ̀n, èmi ni mo sì gé férémù tí Joel kàn dáadáa.* Wọn kò gba ẹ̀bùn kankan. Mubarakah jókòó sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, Wàhábì sì sọ ọ́ ní "Ìrésà". Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀ títí sáà ẹ̀kọ́ fi parí. Nígbà tí Ràmọ́tà, ìyá rẹ̀, gbọ́, kò nà án. Ohun kan ṣoṣo ló wí: "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tìẹ kò tilẹ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, káfíńtà fá igi tuntun fún wọn. Mubarakah bá Joel nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pá Bàbá Albert wà lórí tábìlì.

"Wọ́n ní kí n gbé e wá fún ọ," ni Joel wí láìgbé ojú sókè. "Wọ́n ní àwọn ò ní tíì lọ sí Èkó."

Mubarakah gbé ọ̀pá lé igi. Ó fi pẹ́ńsù sí ìlà oókan.

"Èló lo fò?" ni Joel bi í.

"Oókan."

"Ibo lo máa dúró sí?"

"Mọ́kànlélógún."

Ó fa ìlà náà. Joel mú rúlà rẹ̀, ó sì tún un wọ̀n. Mubarakah kò bínú. Ó ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá ṣì wọn igi lè wá igi mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀, ara ẹlòmíràn ni yóò ti gé ohun tó kù.

"Ogún ni," ni Joel wí. Ó sì na ayùn sí i.