Káàdì Inú Ẹ̀rọ Bọ̀dá Bádrù

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ni ìdíje géèmù Ìyìn máa bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Amuwo-Odofin. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Festac, ó gbé e mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

"Àǹtí Láídé, ẹ gbà mí o. Ó ń fà bí ìgbín."

"O ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Mo ti lọ ìsìn àkọ́kọ́. Mo tiẹ̀ ti gbàdúrà lé e lórí."

"Ó dáa. Ó ku kí n fi sukudiráfà ṣe àmín."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Ohun kan wà tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Ọ̀rá dúdú tí mo fi bo ẹ̀rọ kọ́sítọ́mà mi kan, Bọ̀dá Bádrù, lórí pẹpẹ ti wà nílẹ̀. Mo ti so ó ní kókó méjì lọ́jọ́ Sátidé kí n tó lọ sílé. Kókó méjèèjì ṣì wà lára ọ̀rá náà, wọn ò tú, ọ̀rá ò sì ya. Mo ní eku ni. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a sí kọ̀rọ̀.

Mi ò kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé. Ọ̀gá kan ní Alákijà ni mo jókòó tì fún ọdún mẹ́ta, ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ géèmù ò sì le. Àwòrán tó dúró sójú kan ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń yà wọ́n tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Bó bá ya ọgọ́ta nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú á rò pé èèyàn gidi ló ń sáré. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àlàfo: ẹni tó wà níbí á ṣàdéédé wà lọ́hùn-ún, o ò sì ní rí bó ṣe débẹ̀. Nọ́ńbà tó wà ní igun sikíríìnì Ìyìn lọ́jọ́ náà, mẹ́tàdínlógún ni.

Mo tú u. Eruku inú rẹ̀ á kún ìrọ̀rí. Mo fẹ́ ẹ jáde, mo nu ọ̀dà gbígbẹ tó ń fa ooru kúrò lórí ọpọlọ rẹ̀, mo fi tuntun sí i. Mo pa gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ tẹ́nì kan ò bẹ̀ níṣẹ́. Mo wọ inú géèmù náà, mo dín òjìji kù, mo dín koríko kù, mo dín bí omi ṣe ń dán kù. Ogún. Mẹ́tàlélógún. Ó dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan káàdì àwòrán rẹ̀, èyí tó ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí, ó jó mi níka. Ó ti ń kú lọ.

"Káàdì ni," mo ní. "Ó ti tán lára ẹ̀."

"Wọn kì í tà á lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Àǹtí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di káńtà mú. "Ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n máa mú lọ Abuja. Ọdún méjì ni mo ti ń múra sílẹ̀ fún òní."

Mo gbójú sókè, ojú mi sì lọ sórí pẹpẹ.

Bọ̀dá Bádrù ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bíṣíkíìtì ní Alákijà, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan fún Nafeesah, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Ó gbé e wá kí n pààrọ̀ ibi tó ń gba iná. Bó ṣe gbé e lé káńtà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e lórí.

"Ẹnjiníà mi," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "bí mo ṣe gbé e fún ẹ yìí ni kó o ṣe dá a padà fún mi. Má sì gbé e fún ẹlòmíì. Ọwọ́ mi yìí ni Nafeesah máa ti gbà á. Ọmọ kì í gbàgbé ọwọ́ tó ti gba nǹkan."

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti parí ẹ̀. Mo pè, Ìyá Nafeesah, Àǹtí Sìlífátù, ló gbé fóònù. Ó ní ara bàbá ò yá díẹ̀, àmọ́ kò gbà kí ẹnikẹ́ni wá gbé e, ó ní òun ń bọ̀ fúnra òun.

Káàdì inú ẹ̀rọ yẹn dára. Mo sì ṣe ohun tí gbogbo àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe, tí a kì í sọ létí kọ́sítọ́mà. A máa ń yá nǹkan nínú ẹ̀rọ ẹni tí kò tíì dé, ká fi gba ẹni tó ń kánjú sílẹ̀, ká sì dá a padà kí olóhun tó mọ̀. Ọ̀gá mi ń ṣe é. Mo ti ṣe é tó ìgbà ogún. Mo mú sukudiráfà, mo yọ káàdì Bọ̀dá Bádrù, mo tì í bọnú kọ̀ǹpútà Ìyìn.

"Aago méje alẹ́, kó o dá a padà síbí," mo ní. "Méje o, kì í ṣe méje kọjá."

"Àǹtí, ẹ ti ṣe mí lóore. Bí mo bá dé Abuja, orúkọ yín ni màá kọ́kọ́ dá."

A tan án. Nọ́ńbà náà fò sí àádọ́rùn-ún. Ìyìn hó, ó fi íapíìsì bo etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a wò. Ohun tó wà lójú sikíríìnì ń ṣàn bí epo. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, inú mi dùn. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé fáànù òkè àjà ń ṣe bákan. Ó ń yí, àmọ́ mo lè ka apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń dúró, ó ń fò, ó ń dúró. Mo rò pé iná ni kò gbé e.

Aago mẹ́rin gééré ni òórùn káfúrà wọlé, òun àti òórùn ọṣẹ.

Mo yíjú. Bọ̀dá Bádrù wà lẹ́nu ọ̀nà, nínú jàlàbíà aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ó wà níwájú káńtà. Mi ò rí àárín méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, sà," mo ní. "Ara ńkọ́?"

Ẹnu rẹ̀ ò mì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn ohùn náà ni ẹnu rẹ̀ tó mì.

"Ẹnjiníà mi. Mo wá gbé ẹ̀rọ ọmọ mi."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí káńtà. Mi ò rí ìgbà tó gbé e. Mo ń wò ó bí mo ṣe ń wo géèmù, ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wò ó, mo sì ń kà á nínú ọkàn mi láìmọ̀ pé mo ń kà á. Kò tó mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀rù yẹ kó bà mí. Ojú ló tì mí. Káàdì rẹ̀ ń kùn níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, ohun tí mo sì ń rò ni irọ́ tí màá pa.

"Ṣé ó wà bí mo ṣe gbé e fún ẹ?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbé e fún mi."

"Ẹ má bínú, sà. Ó ku nǹkan kékeré kan lára ẹ̀. Ẹ padà wá lọ́la."

Ó wo orí pẹpẹ. Ó wo ẹ̀yìn Ìyìn. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ wà níbí, ó sì wà lọ́hùn-ún, láìyí ọrùn.

"Ọ̀la," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń wọn ọ̀nà jíjìn. "Ọ̀la ti jìnnà, Láídé."

Kò pe orúkọ mi rí. Mo wolẹ̀ nítorí ìtìjú. Nígbà tí mo máa gbójú, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù, àti òórùn káfúrà.

Ìyìn ò yíjú rárá. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Mi ò lè ṣiṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà. Mo jókòó, mò ń wo ẹ̀rọ tí mo tú inú rẹ̀. Nígbà tó máa fi di aago méje ku díẹ̀, Ìyìn ti dé. Ó ṣe ipò kejì. Ó fẹ́ gbé mi jó, mo ní kó fi mí sílẹ̀, kó mú káàdì wá. Mo dá a padà síbi tí mo ti yọ ọ́, mo dé e, mo fi etí bùbá mi nu gbogbo ara ẹ̀rọ náà. Mo wá pe fóònù Bọ̀dá Bádrù. Mo ti pinnu pé màá gbé e lọ fún un nílé ẹ̀ ní Ijegun-Egba fúnra mi, kí n sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Nafeesah ló gbé e. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Nafeesah, Àǹtí Láídé ni, oníkọ̀ǹpútà. Bá mi sọ fún bàbá yín pé ẹ̀rọ ti wà ní sẹpẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀la ni mo sọ fún wọn."

Mo ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ sọ fún wọn?"

"Òní náà. Aago mẹ́rin."

"Àǹtí." Ó mí. "Ní ìdájí òní ni bàbá mi kú. Wọ́n fi ọṣẹ àti káfúrà wẹ̀ wọ́n, aago mọ́kànlá la sin wọ́n."

Ìyìn ṣì dúró tì mí. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bi í bóyá ó rí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́rin. Ó ní rárá. Ó ní òun kàn ń gbọ́ ohùn mi lábẹ́ íapíìsì, tí mò ń sọ pé "ẹ má bínú, sà", òun rò pé fóònù ni mò ń gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ijegun-Egba nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo gbé e lé itan mi. Mo kí Àǹtí Sìlífátù kú ìrọ́jú, mo sì gbé e lé Nafeesah lọ́wọ́. Ó gbà á, ó dì í mọ́ra, ó sunkún lé e lórí. Ó ní lọ́jọ́ Fúráìdè, bàbá òun sọ pé, "Bó pẹ́ bó yá, ọjọ́ Sọ́ńdè màá lọ gbé e wá fún ẹ." Mo fẹ́ sọ fún un pé ó wá lóòótọ́, pé èmi ni mo dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ẹnu mi wúwo. Mi ò tíì sọ fún un títí di òní.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́rin, òórùn káfúrà tún wọlé. Ìrìn rẹ̀ ti já gaara. Mo rí gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé káńtà, mo rí bí jàlàbíà rẹ̀ ṣe ń fẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wá bà mí.

"Ó ti dé ọwọ́ ẹ̀, sà," mo ní. "Mo gbé e fún un."

"Mo mọ̀," ó ní. Ẹnu àti ohùn rẹ̀ jọ rìn pọ̀. "Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti gbà á."

Oṣù mẹ́rin nìyẹn. Nafeesah ń fi ẹ̀rọ náà ya àwòrán ilé, ó ní kì í fà rárá. Ìyìn lọ Abuja, ó ti padà dé. Mi ò yá nǹkan nínú ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni mọ́, bó ti wù kó kánjú tó. Bọ̀dá Bádrù ṣì ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè láago mẹ́rin. Kò bínú, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Á dúró níwájú káńtà, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo lè gbé lé e lọ́wọ́.